Àtúnṣe Dísìkì ní Ilo-Awela

Kọ̀ǹpútà ilé Ràfátù ní Ilo-Awela ti ń lọ́ra láti bí ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, dísìkì inú rẹ̀ á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń fi èékánná ha àwo. Inú dísìkì yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà tí Kàdírì ọkọ rẹ̀ fi ohùn gbà sílẹ̀ fún Ràfátù àti àwọn afọ́jú yòókù wà. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Fáìzàh ọmọ wọn ní kí wọ́n ta kọ̀ǹpútà náà fún ẹni tó ń ra irin àlòkù, kí òun ra tuntun.

Ràfátù fa àga súnmọ́ tábìlì. Ó fọwọ́ wá àwọn bọ́tìnì. Ohùn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún un bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ihò imú.

“Má kánjú, Ìyá Fáìzàh,” Kàdírì wí. “Dísìkì tó ń dún kò tíì kú. Rò ó bí ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Kí a tó gun òrùlé, kí la ó kọ́kọ́ ṣe?”

“A ó kó ẹrù jáde.”

“O káre.”

“Ẹ̀yin tí òjò pa mí nílé yín níjọ́sí, ẹ wá ń kọ́ mi ní òrùlé!” Ràfátù ń rẹ́rìn-ín.

Kàdírì kò fèsì. Tó bá ti ń kọ́ ènìyàn, kì í yà kúrò lójú ọ̀nà. “Ki fíláàṣì bọ ojúhò iwájú,” ó ní. “Ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀. Ìgbà tó bá parí la ó tó ní kí kọ̀ǹpútà yẹ dísìkì wò, kó sì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe.”

Ràfátù ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà náà kò tíì dé ìdajì tí iná fi lọ.

Àwọn ẹ̀rọ iléeṣẹ́ irin òdìkejì kò dákẹ́. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Nínú yàrá, ohun gbogbo dákẹ́. Kàdírì náà dákẹ́.

“Ẹ má fi mí sílẹ̀ báyìí,” Ràfátù wí jẹ́jẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Fáìzàh ni.

“Ìyá mi, ẹ ṣì jókòó ti pósí yìí? Oníirin ti wà lẹ́nu ọ̀nà o.”

“Jẹ́ kí iná dé ná.”

“Tí kọ̀ǹpútà náà kò bá wá tàn ńkọ́?”

Ràfátù yọ ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. “Kó máa gbé e lọ.”

Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè: iná ti dé. Ràfátù tẹ bọ́tìnì. Dísìkì dún kẹ́, ó dákẹ́, ó tún dún. Fáìzàh gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn ihò imú náà kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, Fáìzàh sì jáde lọ sọ fún oníirin pé kó máa lọ.

Ràfátù nu ojú rẹ̀, ó tún ẹ̀dà náà bẹ̀rẹ̀, ó wá ẹ̀kọ́ tó kàn, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn Kàdírì, tí wọ́n ti sin sí Igbesa kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, sì jáde láti inú kọ̀ǹpútà náà: “Ó dáa, Ìyá Fáìzàh, ibo la bá a dé?”