Yàrá Abẹ́ Sólà

Ẹ gbè é o! Àlọ́ mi bọ́ sórí Àkèré, ẹ́jẹ́ńtì ilé.

Àwọn èèyàn tẹ́ pátákó sólà sórí adágún, Àkèré bá sọ òjìji abẹ́ rẹ̀ di yàrá. Ó gba ekòló lọ́wọ́ àwọn ẹja bí owó ilé, ó háyà yàrá náà fún wọn. Ọ̀nì dé, Àkèré tún fẹ́ fi yàrá kan náà fún un.

"Bàbá, ẹ ò ṣáà ní jẹ mí?"

"Bí oúnjẹ bá wà nílé, kí ni mo fẹ́ fi ọ́ ṣe?"

"Ẹ wọlé!"

Lójoojúmọ́, Àkèré ń kọrin lórí sólà:

"Ayálégbé, ṣé ilé tutù?"

"Ó tutù nini!"

Àwọn tó ń gbè é ń dín kù, Àkèré ò bèèrè. Lọ́jọ́ keje, ohùn nínípọn kan ṣoṣo ló gbè é lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀:

"Ó tutù nini! Oúnjẹ ti tán, onílé. Ó ku ìwọ."

Àyè wà níbẹ̀ báyìí o. Ta ló fẹ́ háyà?