Ọṣẹ Kọkànlá

"Ẹ ṣì í kà, mà," ni ẹ̀rọ arajà wí. "Ọṣẹ mẹ́wàá ni mo rà. Mọ́kànlá lẹ dì fún mi."

Ìdánwò àṣekágbá wa nìyẹn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò: kí á tajà fún ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ń rán lọ sọ́jà. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni mí. Èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì.

Inú bí mi. "Mi ò ṣì í kà. Èènì ni, kí ẹni tó rán ọ lè padà wá."

Ẹ̀rọ ní òun ò mọ èènì. Ó kọ àṣìṣe sílẹ̀, mo sì fìdí rẹmi.

Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nígbà tí Títíladé, olùkọ́ wa, sáré gbé fóònù wá. Obìnrin tó rán ẹ̀rọ náà ń sunkún lórí rẹ̀.

"Ta ló fún mi léènì? Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti ń bá mi rajà, mi ò rí èènì gbà mọ́. Ẹ ṣeun o! Èmi fúnra mi ni mò ń bọ̀ lọ́la."

Títíladé kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, ẹ wá kọ́ wa."

Èmi tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ọdún méjì kí wọ́n tó gbà mí síbẹ̀! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè, mo sì kọ́ wọn.

Nígbà tí aago lù, mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe èènì fún wọn.