Tíì Dúdú ní Ilé Oníwàrà

Kí la ti mọ̀ nípa ilé tí wọ́n ti ń sin ẹfọ̀n mẹ́fà fún wàrà? A mọ̀ pé wàrà kì í wọ́n níbẹ̀. A mọ̀ pé ìbàdí ìyá ọkọ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wàrà máa ń wà, àti pé ìyàwó àgbà ló ń retí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní abúlé kan ní agbègbè Banaskantha, Jiviben ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníwàrà. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Surat, àwọn ìyàwó wọn sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mangu ni àgbà. Ó ti ń fún wàrà ẹfọ̀n níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Kokila ni kékeré. Kò tíì pé ọdún méjì tó dé.

Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, Jiviben àti Kokila jọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ìlú Palanpur, wọ́n sì gbé oògùn tàírọ́ìdì bọ̀. Jiviben ṣàlàyé fún Mangu lẹ́ẹ̀kan péré. Kókó inú ọrùn ló ń ṣọ̀lẹ. Hóró oògùn kan ni láàárọ̀, pẹ̀lú omi lásán, kí wákàtí kan sì kọjá kí ohunkóhun tó tẹ̀lé e. Wàrà kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa. Inú aláìsàn pàápàá kò gba wàrà mọ́: bó bá mu ún, inú á kùn, á wú, á sì máa sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Tíì dúdú ló kù.

“Ta wá ni aláìsàn, Ìyá?” Mangu béèrè.

Kokila ló dáhùn. “Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ọmọ ilé ẹlẹ́fọ̀n. O ṣáà mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbí: ẹni tí kò lè mu wàrà kò gbọdọ̀ wọn wàrà.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

Oòrùn ọjọ́ yẹn mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹfọ̀n kò kúrò lábẹ́ igi. Jiviben fa ìborùn onírun rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí wọ́n lọ wo koríko ẹran.

Láti ọjọ́ náà, bí Mangu bá ti fún wàrà ẹfọ̀n tán, á gbé ìkòkò méjì kaná: kékeré fún tíì dúdú oníatalẹ̀, ńlá fún tíì oníwàrà. Jiviben á gbé ago méjì, dúdú ti Kokila, oníwàrà tirẹ̀, á wọ yàrá Kokila, á ti ilẹ̀kùn. Mangu á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ago méjèèjì á jáde lófìfo. Ní ọdún mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó gbé tíì wọ yàrá Mangu rí.

Irun Jiviben tí Mangu máa ń yà tẹ́lẹ̀, Kokila ló ń yà á báyìí. Ti Mangu ni láti gbá irun funfun tó já sílẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Kódà ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé ti Jiviben ti di méjì lọ́sẹ̀. Gbogbo abúlé ló ń mu wàrà nínú ààwẹ̀. Jiviben ní tòun le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé ago wàrà wá bá a níbi ìpàdé, Kokila ló ń na ọwọ́ gbà á. “Ẹ jẹ́ kí n gbé e délé fún wọn.”

Nínú oṣù kejì tí oògùn náà délé, wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó kan. Mangu rí Kokila tó mu ago omi wàrà kíkan méjì, tó sì fi àkàrà aládùn oníwàrà tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó tì í títí wọ́n fi délé. Kò sóhun tó ṣe é.

“Inú ẹ ńkọ́?” ó bi í.

“Dáadáa ló wà, ẹ̀gbọ́n mi.” Kokila sáré gbé ọwọ́ lé ikùn. “Ó ń kùn díẹ̀.”



Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Jiviben ní òun máa fa kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ti ń wọn wàrà lé ẹnì kan lọ́wọ́ níbi ìpàdé ọdún, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mangu béèrè ta ni. Jiviben rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ há. “Ẹ óò gbọ́ ọ níbẹ̀.”

Láàárọ̀ ìpàdé, Mangu da omi tó yọ kúrò lára wàrà dídì sínú ìkòkò kékeré dípò omi lásán. Ó fi atalẹ̀ ìlọ́po méjì sí i, àti ṣúgà pupa, títí kò fi ní òórùn wàrà mọ́. Bí inú Kokila bá kùn lójú ẹgbẹ́, kò lè wọn wàrà. Bí kò bá kùn, òpùrọ́ ni. Jiviben gbé ago méjèèjì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

“Atalẹ̀ tòní mà ta o,” ó sọ nígbà tó jáde.

Ní agogo mẹ́jọ, igba obìnrin jókòó sílẹ̀. Mangu jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Kokila, ó tẹ́tí sí ikùn rẹ̀. Ikùn náà kò kùn rárá. Jiviben dìde, ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí. “Kokila ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún mi,” ó ní, “òtítọ́ ló sì sọ. Kò sẹ́ni tó mọ wàrà bíi Mangu ọmọ mi.”

Ó na kọ́kọ́rọ́ náà síwájú, inú rẹ̀ sì kùn débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ọ. Ẹ padà sí ibi tí ilẹ̀kùn yàrá ti tì, kí ẹ tún ago méjèèjì pín: dúdú fún Jiviben, oníwàrà fún Kokila.