Àyè Tó Wà Lẹ́yìn Orúkọ Làmídì

Láti ìwáṣẹ̀ ni gbogbo ohun tí a dá ti ní àyè tirẹ̀: ẹja nínú omi, ẹyẹ lójú òfuurufú, olórin níwájú, elégbè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Ọláníhún, olùtọ́jú orin nílé iṣẹ́ rédíò kan, fọwọ́ kan ètò yìí láìmọ̀.

Orúkọ Làmídì Aró, olórin àtijọ́, hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé àyè òfìfo kan, irú èyí tó ń wà láàrin ọ̀rọ̀ méjì, wà lẹ́yìn rẹ̀ lára àwọn orin kan. Ọ̀gá ní kí ó sọ wọ́n di ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa wáṣẹ́ mìíràn lọ. Ó pa àyè náà rẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn orin náà wò, Làmídì ń dá orin, obìnrin tí ń gbè é tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Sálúbàtà ń wọ́ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá arúgbó kan yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn tí Ọláníhún fọwọ́ ara rẹ̀ tì pa.

"Ìyá, ta lẹ ń wá?"

"Mi ò wá ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Wọn ò kọ orúkọ mi síbẹ̀ rí, mi ò sì bínú. Ìjókòó mi wá ńkọ́, o tún gbé e?"

Ọláníhún dá àyè náà padà. Ohùn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbè, ẹnu ilẹ̀kùn sì ṣófo.

Ọ̀gá lé e, nítorí pé orúkọ náà ṣì jẹ́ méjì. Ọláníhún ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìkìrun báyìí. Ẹni tí ó gbaṣẹ́ rẹ̀ ti pa àyè náà rẹ́. Làmídì nìkan ló ń kọrin lórí rédíò, sálúbàtà kò sì dákẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di òní.