Àkáǹtì Tí Àlàó Fi Sílẹ̀ n'Íbàdàn

Ní Ìrágbìjí, ní agbo ilé Oyèkànmí, ọkùnrin kan wà tó ń ṣe búrẹ́dì. Àlàó ni wọ́n ń pè é. Búrẹ́dì rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa yára bàjẹ́ sí èèyàn. Kí ó tó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, á ti bínú tán. Ìwọ tí ò ń tẹ fóònù lọ́hùn-ún, gbé e sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ yìí kàn ẹ́.

Ní ọdún kan, òjò ńlá wó ààrò búrẹ́dì rẹ̀ palẹ̀. Ààrò yẹn ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń bọ́ Ìyá Moróǹkẹ́, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin yìí ló máa ń pọn Àlàó ní kékeré bí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko. Àlàó bá gba báǹkì lọ, ó ní kí wọ́n yá òun lówó kí òun fi mọ ààrò mìíràn. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó wá mi orí.

"Ẹ má bínú, sà. Orúkọ yín wà láàárín àwọn tó jẹ gbèsè tí wọn ò san. Àkáǹtì kan tí ẹ ṣí n'Íbàdàn ni. Bí ẹ ò bá yanjú ẹ̀, kò sí báǹkì tó máa yá yín lówó."

Ẹnu ya Àlàó. Lóòótọ́ ló ṣí àkáǹtì n'Íbàdàn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n sì yá a lówó díẹ̀ tó fi ra fúláwà. Ó rò pé òun ti san án tán. Kò mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù díẹ̀, tí èlé sì ń gorí èlé. Àánú rẹ̀ ṣe ọmọbìnrin náà, ó bá a pe báǹkì ti Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn pe fóònù Àlàó títí, kò lọ. Wọ́n ní àwọn tiẹ̀ rán èèyàn dé ilé rẹ̀, obìnrin kan ló dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Obìnrin wo ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án bí kò ṣe Ìyá Moróǹkẹ́? Àlàó fi ìbínú darí sílé. Ó bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ti gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ dè é, ó sì fi àwo bò ó. Àlàó ò wo oúnjẹ.

"Ìyá Moróǹkẹ́, kí ni mo fi ṣe yín? Báǹkì rán èèyàn sí mi, ẹ lé e padà. Ẹ ní n kò sí nílé yìí. Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ ba ayé mi jẹ́ nìyẹn?"

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi," ó ní, "mo rántí ọkùnrin náà. Mo fún un lómi mu. Ó ní òun ń wá Samuẹli Oyèkànmí. Mo ní ilé Oyèkànmí nìyí, ṣùgbọ́n kò sí Samuẹli níbẹ̀. Ta ló ń jẹ́ Samuẹli?"

Àlàó gan-an ni Samuẹli. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi fọ ẹsẹ̀ Ìyá Moróǹkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, Eyínfúnjowó ló ń pe Àlàó, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun báláú. Oríkì rẹ̀ ni àwọn ará ilé yòókù ń pè é. Ilé-ìwé ni Samuẹli mọ, Àlàó fúnra rẹ̀ ò sì mú un wọlé rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé òun ní àkáǹtì níbì kan. Nígbà tó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kò sọ fún báǹkì. Ta ló wá jẹ̀bi?

Ojú tì í gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Moróǹkẹ́ wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ rò pé mo lè sẹ́ yín."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun á bá a dé Ìbàdàn. Nínú ọkọ̀, ètè rẹ̀ kàn ń mì, ó ń fi orúkọ tí ìyàwó kì í pè kọ́ ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ báǹkì, ó bọ́ síwájú Àlàó, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Èmi ni mo dá ìránṣẹ́ yín padà. Ẹni tí ẹ ń wá rèé. Samuẹli lorúkọ wọn. Èmi ni mo pọ̀n wọ́n dàgbà."

Àlàó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ọ̀gá báǹkì yọ díẹ̀ kúrò nínú èlé. Àlàó ta ọ̀kadà tó fi ń pín búrẹ́dì, ó san ìyókù, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á yọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yá bọ̀rọ̀. Ọdún Kérésìmesì dé, ó kọjá, owó báǹkì ò tíì jáde. Ààrò alámọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi ṣe búrẹ́dì ọdún, Ìyá Moróǹkẹ́ ló bá a gún amọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yá ni báǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ yá a lówó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: bí nǹkan bá bà jẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó bínú. Gbèsè Àlàó, ó san án, báǹkì pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ sí Ìyá Moróǹkẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sí báǹkì tó lè bá a pa á rẹ́. Ìyá Moróǹkẹ́ nìkan ló lè ṣe é, ó sì ti ṣe é kí Àlàó tó dìde nílẹ̀.