Àwọn Tó Gba Inú Igbó Bọ̀

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, Adérónpé, olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú Ìpólé, bọ́jú, ó sì jókòó síwájú ògiri tó ń sọ̀rọ̀, èyí tí Abúja ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Òfin ti ní kí Abúja máa sọ ohunkóhun tí wọ́n bá rí fún ẹ̀ṣọ́ ìlú tọ́rọ̀ kàn lójú ẹsẹ̀.

Ògiri ní, "Ẹ kú àárọ̀, ìyá wa. Èrò rẹpẹtẹ ń gba inú igbó bọ̀ lọ́dọ̀ yín. A ò mọ̀ wọ́n."

Inú igbó yẹn náà ni àwọn ajínigbé gbà wọ̀lú láyé ọjọ́sí. Adérónpé ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí wọn."

Àwòrán yọ. Àyọ̀ká, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó ti sá kúrò nílùú nítorí àwọn ajínigbé, ló ṣíwájú, ó ru ẹrù.

Adérónpé ní, "Ará ilé wa ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn sójà má dá wọn dúró."

"A ti sọ fún àwọn sójà, mà."

Omi ni Adérónpé gbé lọ pàdé wọn, kò gbé ìbọn.

Àyọ̀ká bi í pé, "A gbọ́ ní Ìlọrin pé ẹ ní kò sí ajínigbé nínú igbó mọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà. Ẹ káàbọ̀."

"Ilé mi ńkọ́?"

"Ó ti wó, mà. Ṣùgbọ́n yàrá wà nílé mi."

Àyọ̀ká sọ ẹrù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Adérónpé bá a jó tòun ti aṣọ ẹ̀ṣọ́ lọ́rùn.