Sátẹ́láìtì Ìdímù

Ọdún 1998. Gbóyèga ń fi mọ́tò tòkunbọ̀ rẹ̀ gbé bàbá Ọláwùmí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lọ sílé àbúrò bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìdímù.

Bàbá ti búra pé òun ò ní fọ́mọ fún ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ.

"Èmi kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn mọ́, sà. Sátẹ́láìtì ló ń fi hàn mí látojú sánmà."

Ó tẹ ẹ̀rọ atọ́nà tó bá mọ́tò náà dé láti Jámánì. Obìnrin inú ẹ̀rọ náà fọ èdè Jámánì.

"Ó dáa, mà," ni Gbóyèga wí, ó yà sápá òsì.

Wọn ò ṣìnà rárá. Ẹnu ya bàbá.

Bí wọ́n ṣe dúró, fọganáísà iwájú ilé náà ké sí Gbóyèga:

"Bọ̀dá, ẹ ti padà dé! Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ìrìn tẹ́ ẹ rìn lánàá, tẹ́ ẹ ń béèrè ilé yìí kiri, ti pọ̀ jù jàre!"

Bàbá wo bàtà Gbóyèga.

"Ọmọ mi, sátẹ́láìtì ẹ mà lẹ́sẹ̀ o!"